Kàńtátà Bach láàárín Ìhìnrere àti Ìjẹ́wọ́ Ìgbàgbọ́: ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìjọ kan ní Èkó

Ìjọ Áńgílíkà ni ìjọ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, ní Èkó, ní òdìkejì afárá sí Erékùṣù. Ìsìn méjì ni wọ́n ń ṣe ní Sọ́ńdè, ti Gẹ̀ẹ́sì ní kùtùkùtù, ti Yorùbá tẹ̀ lé e. Bí oṣù bá wọlé, wọn a da méjèèjì pọ̀. Ẹgbẹ́ akọrin wọn tó bí ogójì ènìyàn. Gbogbo wọn ló gbọ́ sọ́fà dáadáa, ṣùgbọ́n àwọn tó lè ka nóòtì orí ìlà márùn-ún kò pọ̀ rárá. Dùùrù oníná ni wọ́n ń lò. Ọ̀gá akọrin wọn jẹ́ ọ̀dọ́kùnrin tó kọ́ṣẹ́ orin dójú àmì. Èmi ni ó bẹ̀ pé kí n wá tẹ dùùrù kékeré tó máa ń gbé báàsì àti kọ́ọ̀dù lẹ́yìn akọrin. Nítorí náà, ojú mi ló ṣe.

Ohun tó fẹ́ ṣòroó gbọ́ létí ìgbìmọ̀ ìjọ. Ó fẹ́ kọ odidi kàńtátà Bach kan, ìyẹn iṣẹ́ orin alápá púpọ̀ tí akọrin àti ohun èlò jọ ń ṣe, nínú ìsìn Sọ́ńdè kìíní ìgbà Bíbọ̀ Olúwa. Kì í ṣe kóńsáàtì ìrọ̀lẹ́ tí a ń ta tíkẹ́ẹ̀tì fún, inú ìsìn gan-an ló ní lọ́kàn, pẹ̀lú alùfáà, ọrẹ, ìkéde àti àwọn ọmọ wẹ́wẹ́. Èyí tó mú ni “Nun komm, der Heiden Heiland” (“Máa bọ̀ báyìí, Olùgbàlà àwọn kèfèrí”), nọ́ńbà 61 nínú àkójọ iṣẹ́ Bach. Weimar ní Jámánì ni Johann Sebastian Bach ti kọ ọ́, wọ́n sì kọ́kọ́ kọ ọ́ ní ọjọ́ 2 oṣù Kejìlá ọdún 1714, tó jẹ́ Sọ́ńdè kìíní Bíbọ̀ lọ́dún náà. Erdmann Neumeister, tó jẹ́ pásítọ̀ àti akéwì, ló to ọ̀rọ̀ rẹ̀. Apá mẹ́fà ni, kò sì gba ju bí ìṣẹ́jú 15 lọ. Kí ẹni tó bá fẹ́ wá ìwé orin rẹ̀ ṣọ́ra o: Bach tún kọ òmíràn ní 1724 tó ní orúkọ kan náà, nọ́ńbà 62 ni ìyẹn. Ọ̀kan nínú àwọn afáólìn wa gbé 62 wá sí ìfidánrawò, ó jókòó, ó tún ohun èlò rẹ̀ ṣe, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ta orin tí ẹnì kankan kò mọ̀.

Ìpàdé ìgbìmọ̀ kọ́kọ́ gbóná. Wọ́dìn àgbà béèrè pé, “Ọmọ mi, ṣé ìsìn la fẹ́ ṣe ni àbí kóńsáàtì?” Ọ̀gá akọrin dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, ó ní, “Ìsìn ni, bàbá, ẹ má bínú sà.” Ìyá Ìjọ kò tiẹ̀ bá ti Bach wí. Ohun tí màmá fẹ́ mọ̀ ni ìgbà tí wọ́n máa kọ Hallelujah, torí pé láti kékeré ni wọ́n ti ń gbọ́ ọ nígbà tí ọdún bá kù sí dẹ̀dẹ̀.

Ọ̀rọ̀ Hallelujah yìí yẹ ká dúró lé lórí díẹ̀, torí ibẹ̀ ni ìṣòro ti bẹ̀rẹ̀. Inú Messiah, iṣẹ́ orin ńlá tí Handel kọ ní 1741, ni wọ́n ti mú un, Dublin ni wọ́n ti kọ́kọ́ gbé e jáde ní oṣù Kẹrin 1742. Nínú iṣẹ́ náà, ìparí apá kejì ni Hallelujah wà, lẹ́yìn ìjìyà Olúwa, lẹ́yìn àjíǹde, lẹ́yìn ìgòkè re ọ̀run. Ìgbà Bíbọ̀ ńkọ́? Aṣọ elésè àlùkò ni alùfáà ń wọ̀, “Ògo fún Ọlọ́run lókè ọ̀run” pàápàá, ọ̀pọ̀ ìjọ ni kì í kọ ọ́ títí di Kérésìmesì. Ìgbà tí a ń retí ẹni tí kò tíì dé ni. Àmọ́ ní ọ̀pọ̀ ìjọ wa, ẹgbẹ́ akọrin ti kọ gbogbo ayọ̀ Kérésìmesì tán kí oṣù Kejìlá tó dé ìdajì. Ọ̀gá akọrin sọ èyí fún ìgbìmọ̀, ohùn rẹ̀ sì le díẹ̀ ju bó ṣe yẹ fún ọmọdé níwájú àgbà. Fíkà ló pẹ̀tù sọ́rọ̀: kí wọ́n dán apá kan wò ná nínú oṣù Kẹwàá, lásìkò ọrẹ, kí gbogbo ènìyàn gbọ́ ohun tó ń sọ.

Ìdánwò náà kò lọ bó ṣe yẹ. Apá kẹrin ni wọ́n mú, níbi tí báàsì kan ṣoṣo ti ń kọ ọ̀rọ̀ inú Ìfihàn 3:20, “Kíyèsí i, mo dúró ní ẹnu ọ̀nà, mo sì ń kan ìlẹ̀kùn.” Bach ní kí àwọn olókùn, ìyẹn àwọn tó ń ta fáólìn àti irú rẹ̀, fi ọ̀pá tí wọ́n fi ń ta á sílẹ̀, kí wọ́n máa fi ìka já okùn náà kọ́ọ̀kan, kọ́, kọ́, kọ́, bí ẹni tó ń kan ìlẹ̀kùn lóòótọ́. Ó kúrú púpọ̀, ìwọ̀n orin (“bar”) 10 ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ mọ bí ọrẹ ṣe rí nínú ìjọ wa. Ìlà ń dìde tẹ̀lé ìlà, àwọn ìyá ń tún gèlè ṣe, ẹnì kan ń wá ṣéńjì, onígángan ti gbé ìlù sí apá. Kí báàsì tó sọ pé òun ń kan ìlẹ̀kùn, orin ti parí, àwọn tó wà lẹ́yìn kò tiẹ̀ mọ̀ pé ó bẹ̀rẹ̀. Wọ́dìn kò sọ nǹkan kan. Ó kàn rẹ́rìn-ín músẹ́ sí ọ̀gá akọrin lẹ́nu ọ̀nà.

Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ ní kí wọ́n fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn sí iwájú àwọn olókùn. Mo lòdì sí i. Asán ni kéèyàn máa fi ariwo kún ariwo, ọrẹ kì í ṣe ìgbà ìdákẹ́jẹ́ ní ìjọ wa, kò sì yẹ kó jẹ́. Ìgbà ijó ni. Ẹni tó bá fi orin tó nílò etí síbẹ̀ ló ń wá wàhálà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti yí padà jẹ́ orí ìwé kan. Bach kó lọ sí Leipzig ní 1723, ó sì tún lo kàńtátà yìí níbẹ̀ ní Sọ́ńdè kìíní Bíbọ̀ ọdún náà, ọjọ́ 28 oṣù Kọkànlá. Ó jọ pé ìtòlẹ́sẹẹsẹ ìsìn ìlú náà kò tíì mọ́ ọn lára, torí pé ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ sára ìwé orin yìí: ìgbà tí dùùrù máa dún, ìgbà tí a máa kọ Kírié, ìgbà tí a máa ka Épísítélì, ìgbà tí Lítánì máa wáyé, títí dé Oúnjẹ Olúwa. Níbẹ̀, wọ́n á ka Ìhìnrere, dùùrù á dún díẹ̀, orin ńlá á tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà Ìjẹ́wọ́ Ìgbàgbọ́, lẹ́yìn náà ìwàásù. Ọ̀gá akọrin tẹ̀ ẹ́ jáde, ó gbé e lọ bá fíkà ní ilé, ó sì fi Ìwé Àdúrà àtijọ́ tì í. Ó ní kí bàbá ṣí ojú ewé Sọ́ńdè kìíní Bíbọ̀. Ìhìnrere tó wà níbẹ̀ ni Mátíù 21, bí Jésù ṣe gun kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ wọ Jerúsálẹ́mù. Épísítélì rẹ̀ wá láti Róòmù 13. Ìhìnrere kan náà àti Épísítélì kan náà ni wọ́n kà ní Leipzig, àfi pé tiwa gùn ní ẹsẹ díẹ̀ sí i.

Fíkà yìí fẹ́ràn ètò ìsìn ju orin lọ. Ó wo ìwé méjèèjì pẹ́, ó wá ní, “Èyí túmọ̀ sí pé wọn kò fi ṣe fàájì. Ara ìwàásù ni.” Láti ọjọ́ yẹn, òun fúnra rẹ̀ ló ń bá ọ̀gá akọrin gbèjà rẹ̀. Ó ní Mátíù 21 lòun máa ka lọ́jọ́ náà, kàńtátà á wá tẹ̀ lé e, òun á sì wàásù lórí ìlẹ̀kùn inú Ìfihàn. Ìṣẹ́jú 15 tó ku, ó ní inú ìkéde lòun ti máa yọ ọ́. Inú mi dùn láti gbọ́ ọ, torí pé ní ìjọ yẹn, ìkéde nìkan gùn ju kàńtátà Bach lọ, kò sì sẹ́ni tó ṣàròyé rí.

Ó ku ọ̀rọ̀ èdè. Àwọn kan ní kí a fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́, àwọn àgbà ìsìn Yorùbá sì ní tí yóò bá jẹ́ èdè tí àwọn kò gbọ́, kí ló dé tí kò fi jẹ́ tàwọn? Ìbéèrè tó bá ojú mu ni. Wọ́n gbìyànjú apá kẹrin ní Yorùbá. Níbi tí ohùn ọ̀rọ̀ ti ń sọ̀ kalẹ̀, orin ń gòkè, akọrin báàsì náà sì ń bá ara rẹ̀ jà títí tí àwọn obìnrin fi bú sẹ́rìn-ín. Ìjà àtijọ́ ni èyí nínú ìjọ wa. Thomas King Ekundayo Phillips, tó jẹ́ ọ̀gá orin ní Kàtídírà Kírísítì ní Marina láti 1914 di 1962, lo ìgbésí ayé rẹ̀ lórí bí orin yóò ṣe máa tẹ̀ lé ohùn ọ̀rọ̀ Yorùbá, ó sì kọ ìwé lórí rẹ̀ tó jáde ní 1953. Ohun tó ṣe ni pé ó kọ orin tuntun fún ọ̀rọ̀ Yorùbá. Ó mọ̀ pé kò sí bí a ṣe lè rán aṣọ tí wọ́n gé fún ẹlòmíràn kó wá bá wa mu rẹ́gí.

Wọ́n fẹnu kò sí Jámánì, pẹ̀lú ìtumọ̀ Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì lórí ìwé pélébé. Ṣùgbọ́n fíkà béèrè nǹkan kan sí i: kí a dá kàńtátà dúró lẹ́yìn apá kẹta, kí ẹnì kan dìde ka Ìfihàn 3:20 ní Yorùbá, kí báàsì tó wọlé. Ọ̀gá akọrin kọ̀ jálẹ̀. Ó ní Bach kò dá a dúró níbẹ̀. Òótọ́ ni. Àmọ́ àwọn ará Leipzig gbọ́ Jámánì, a kò gbọ́ ọ. Mo ti fíkà lẹ́yìn, mo sì tún ní ìdí mìíràn tó jẹ́ ti iṣẹ́ ọwọ́: nínú ooru Èkó, okùn fáólìn kì í dúró sójú kan fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn á fún wọn láyè láti tún un ṣe láìsí pé ẹnikẹ́ni fura. Ìdí kejì yìí ló yí ọ̀gá akọrin lọ́kàn padà. Ti ìṣe Ọlọ́run kò yí i.

Ìfidánrawò ẹgbẹ́ akọrin le. Apá kìíní jẹ́ irú orin tí àwọn Faransé máa ń fi bẹ̀rẹ̀ eré láàfin ọba wọn, ó ń lọ pẹ̀lú ẹ̀sọ̀, nóòtì gígùn, nóòtì kúkúrú, bí ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ gírígírí. Ìdí tí Bach fi lò ó fún Sọ́ńdè yìí kò fara sin: Ọba ló ń wọlé. Sópránò, áltò, tẹ́nọ̀ àti báàsì, ohùn kọ̀ọ̀kan ń mú ìlà àkọ́kọ́ orin ìsìn Martin Luther, èyí tí kàńtátà náà ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà orin á sáré, lẹ́yìn náà á tún padà sí ẹ̀sọ̀. Àwọn akọrin kò lè mú nóòtì kúkúrú yẹn kúrú tó. Ọ̀kan nínú àwọn báàsì, tó tún máa ń lu gángan fún ìjọ, ló fi àtẹ́wọ́ ṣe é fún wọn, pé kí wọ́n mú èyí tó gùn dúró pẹ́ ju bí ojú ṣe rí i lórí ìwé lọ, kí wọ́n wá ju èyí tó kúrú sára èyí tó tẹ̀ lé e. Wọ́n gbọ́ ọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Sọ́fà náà ní ọ̀fìn tirẹ̀. Ọ̀gá akọrin fúnra rẹ̀ ló yí gbogbo rẹ̀ padà sí sọ́fà. Orin náà bẹ̀rẹ̀ láti “la”, ó sì sọ̀ kalẹ̀ sí “se” kó tó fò sókè sí “do”. Ìfò tó há ni, kò bá etí ẹni mu, àwọn akọrin sì ń kọ “so” dípò “se” ní gbogbo ìgbà. Ohun tó dùn mọ́ mi nínú rẹ̀ ni pé bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ yẹn gan-an ni orin Luther ti 1524 ṣe rí. Nínú ti Bach, nóòtì yẹn ti gòkè, ó sì ń dun ènìyàn létí. Mo sọ fún ọ̀gá akọrin. Kò rẹ́rìn-ín.

Apá tó ń sáré ni wọn kò rí ojútùú rẹ̀ títí Bíbọ̀ fi kù díẹ̀. Ogójì ohùn kò lè rìn papọ̀ nínú rẹ̀, báàsì máa ń gbẹ́yìn. Ìpinnu tí mo kà sí èyí tó dára jù nínú gbogbo iṣẹ́ náà ló wá tẹ̀ lé e: gbogbo ẹgbẹ́ á kọ apá tó lọ pẹ̀lú ẹ̀sọ̀, àwọn mẹ́rin mẹ́rin láti ohùn kọ̀ọ̀kan nìkan ló máa kọ èyí tó ń sáré, lẹ́yìn náà gbogbo ẹgbẹ́ á tún darapọ̀. Ó bí ìjà díẹ̀, torí kò sẹ́ni tó fẹ́ kí wọ́n yọ òun. Ṣùgbọ́n nígbà tí ogójì ohùn padà wọlé ní ìlà ìparí, ògiri mì.

Ti àwọn olókùn, Bach béèrè fáólìn méjì, fíólà méjì, bassoon (fèrè onígi ńlá tí ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀) àti báàsì. Afáólìn pọ̀ ní Èkó, owó ọkọ̀ àti oúnjẹ ni wọ́n gbà. Fíólà ni kò sí: ẹnì kan ṣoṣo ni a rí. Sẹ́lò kejì ló gba iṣẹ́ fíólà kejì, ó sì ṣe é dáadáa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó gòkè fún un níbì kan. Bassoon, a fi sílẹ̀. Iná mànàmáná ló bà mí lẹ́rù jù. Bí iná bá lọ tí jẹnẹrétọ̀ sì gbà á, dùùrù oníná á kú, á tún jí pẹ̀lú ohùn tí ẹnikẹ́ni kò yàn, nígbà mìíràn pẹ̀lú ìlù. Mo ní kí wọ́n so dùùrù kékeré mi mọ́ ínfátà láti àárọ̀, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Mo tún bẹ wọ́dìn pé kí ó pa àwọn fáànù tó wà níwájú nígbà tí ìyá tó máa ka Bíbélì bá dìde, torí ariwo wọn àti afẹ́fẹ́ wọn tó ń fọ́n ìwé káàkiri.

Lọ́jọ́ náà, ìsìn àpapọ̀ ni. Kí fíkà tó ka Ìhìnrere, ó sọ gbólóhùn díẹ̀: orin tí a máa gbọ́, bí wọ́n ṣe ń kí ọba wọlé ni ó bẹ̀rẹ̀, kí olúkúlùkù wo ẹni tó ń wọlé. Kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni dìde. Bí fáólìn ṣe wọlé, bàbá kan ní iwájú dìde, ó gbé fìlà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sí àyà, gbogbo ìlà rẹ̀ tẹ̀ lé e, àti ẹ̀yìn, àti gálárì. Kò sẹ́ni tó rò ó tẹ́lẹ̀, kò sì sẹ́ni tó mọ ìgbà tí wọ́n máa jókòó. Wọ́n dúró títí tẹ́nọ̀ fi kọ ìdajì apá kejì, wọ́n wá ń jókòó lọ́kọ̀ọ̀kan, àga ń ké. Tẹ́nọ̀ náà, kí Ọlọ́run bù kún un, kò yẹjú kúrò lórí ìwé.

Lẹ́yìn apá kẹta, ìyá àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ tíṣà dìde, ó ka ẹsẹ náà láì wo ìwé. Fáànù dúró. Àwọn olókùn tún okùn wọn ṣe wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Báàsì kọrin, a sì gbọ́ ìkànlẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan dé ẹnu ọ̀nà, orin kan náà tí ọrẹ gbé mì nínú oṣù Kẹwàá. Ohùn akọrin kò yí padà, àwọn olókùn kò pọ̀ sí i.

Apá karùn-ún kò rí bẹ́ẹ̀. Sópránò kan àti báàsì nìkan ni, ó dára, ó sì rọra, ṣùgbọ́n fáànù ṣì wà ní pípa, ooru ti mú, àwọn ọmọdé bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Ẹ̀kọ́ kékeré fún ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú rẹ̀: kí a sọ fún wọ́dìn ìgbà tí yóò tún tan fáànù, kì í ṣe ìgbà tí yóò pa á nìkan.

Apá kẹfà ló fẹ́ dà wá rú. Ìwọ̀n 14 péré ni, ìparí orin Philipp Nicolai nìkan ni Bach mú, “Àmín, Àmín, máa bọ̀,” fáólìn gòkè dé òkè téńté, ó sì tán. Ó tán kí ìjọ tó mọ̀ pé ó bẹ̀rẹ̀. Mo rí ọwọ́ àwọn ènìyàn tó ń bọ̀ wá pàtẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n fíkà ti gbọ́ ọ nínú ìfidánrawò, ó ti mọ ibi tó wà. Bí mo ṣe gbé ọwọ́ kúrò, ó ti dojú kọ pẹpẹ, “Mo gba Ọlọ́run kan gbọ́,” gbogbo ìjọ sì gbà á. Àtẹ́wọ́ náà kú síbẹ̀. Bí ó bá dúró fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta péré, à bá ti ní kóńsáàtì lọ́wọ́.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ẹgbẹ́ akọrin fẹ́ òmíràn. Fíkà ní rárá, ó sì fi ìṣe Leipzig dá wọn lóhùn: Sọ́ńdè kìíní nìkan ni wọ́n ń kọ irú orin bẹ́ẹ̀ níbẹ̀ láyé Bach, wọ́n á dákẹ́ ní Sọ́ńdè kejì, kẹta àti kẹrin títí di Kérésìmesì. Inú wọn kò dùn. Mo rò pé òun ló jàre. Ìyá Ìjọ gbọ́ Hallelujah wọn ní ọjọ́ Kérésìmesì fúnra rẹ̀, wọ́n sì ní ó dùn ju ti àwọn ọdún tó ti kọjá lọ.

Fíkà yẹn kò pẹ́ kó tó lọ sí ìjọ mìíràn, bí bíṣọ́ọ̀bù ṣe ń ṣí wọn kiri. Nígbà tí Bíbọ̀ tún dé, fíkà tuntun ní òun gbọ́ ìròyìn kàńtátà náà, ó wu òun, kí wọ́n kọ ọ́ lásìkò ọrẹ. Nígbà náà ni a rí i pé kò sí àkọsílẹ̀ kankan nínú ìwé ìpàdé ìgbìmọ̀ nípa bí wọ́n ṣe tò ó; àdéhùn ẹnu láàárín ènìyàn méjì ni. Ọ̀gá akọrin kò jiyàn. Apá kẹfà nìkan ni wọ́n kọ lọ́dún náà, lẹ́yìn Ìhìnrere, torí pé kò gba àyè kankan, fíkà kò sì rí ohun tó fẹ́ kọ̀ nínú rẹ̀. Ní ìpàdé ìgbìmọ̀ tó tẹ̀ lé e, ọ̀gá akọrin bẹ akọ̀wé pé kó kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀: ibi tí kàńtátà wà nínú ìsìn, ẹni tó ń ka Ìfihàn, ìṣẹ́jú tí wọ́n yọ nínú ìkéde, àti ìgbà tí wọ́dìn máa tan fáànù.